Ọjọ́ Kìíní Oṣù Ọ̀pẹ: Àrùn Tí A Pè Ní Kògbóògùn

Láti ọdún 1988 ni gbogbo ayé ti ya ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀pẹ, tí í ṣe oṣù kejìlá, sọ́tọ̀ nítorí àrùn Éèdì. Àwa Yorùbá pè é ní kògbóògùn: kò gbọ́ oògùn. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 1986, orúkọ náà bá a mu, torí kò sóògùn kankan. Lónìí, orúkọ ọ̀hún ti di irọ́, òun ló sì ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn kò fi lọ ṣàyẹ̀wò.

Lóòótọ́, a kò tíì rí oògùn tí yóò lé kòkòrò HIV, tó ń fa Éèdì, kúrò lára pátápátá. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ oògùn. Hóró kan lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò, ìjọba kì í sì í gbowó rẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé, tí kòkòrò náà kò ṣeé rí mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn.

Àyẹ̀wò náà kò ju orí ìka lọ. Nọ́ọ̀sì á fi òwú nu ìka, á gún un fín-ín, ẹ̀jẹ̀ á yọ bí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn kékeré. Á kán an sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, bí ìlà kan péré bá yọ, wọn kò rí i nìyẹn. Bó bá jẹ́ méjì, wọ́n á fi irú àyẹ̀wò mìíràn tún un wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó lè tó oṣù 3 kí kòkòrò náà tó hàn, nítorí náà ẹni tó kó sínú ewu láìpẹ́ yìí gbọ́dọ̀ padà lọ. Bí kò bá tíì kọjá wákàtí 72, kí ó sáré lọ gba oògùn ọjọ́ 28 tí í dènà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí aboyún ṣe àyẹ̀wò náà. Nínú ọmọ 100 tí ìyá wọn ní kòkòrò náà tí kò lo oògùn, 15 sí 45 lè kó o. Bí ìyá bá lò ó, wọn kì í pé 5.

Ìbálòpọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù ló ń tàn án jù. Abẹ tí ẹlòmíràn ti lò náà lè tàn án, nítorí náà ẹni tó fẹ́ sín gbẹ́rẹ́, kó mú abẹ tuntun dání. Àwo oúnjẹ, ìbọwọ́ àti ẹ̀fọn kò kó o ranni.

Kì í ṣe àrùn tó yẹ kí a máa fi pamọ́. Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni gbajúmọ̀ olórin, Fẹlá, kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, kéde ní gbangba pé Éèdì ló fa á. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń sọ pé ayé ló ṣe òkú àwọn, ìgboyà ńlá nìyẹn.

Òfin Nàìjíríà tọdún 2014 kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti sọ àyẹ̀wò HIV di ọ̀ranyàn kí ó tó gbani síṣẹ́. Ẹ má fòyà. Tọkọtaya, ẹ jọ yà sí ilé ìlera àdúgbò yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ na ìka yín.