Káàmù àti Kọnfátà: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Wọn Bá Ara Wọn Mu

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun máa sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, káàmù ló sábà máa ń kọ́kọ́ rà. Ohùn ẹ́ńjìnì á yí padà, inú olówó á sì dùn. Àmọ́ bó bá fi gíà sí D ní Òkè-Àdó nílùú Ìbàdàn, ọkọ̀ lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá tún tan án, tó gba Mọ́lété, Bódè àti Ìdí-Arẹ̀rẹ̀ dé Ọjà'ba, yóò rí i pé mọ́tò akérò ń fi òun sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gun òkè Màpó. Káàmù yẹn kò bàjẹ́ o. Ohun tó yẹ kó bá a rìn ni kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ ọtomátíìkì, èyí tó ń yan gíà fúnra rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Camshaft ni irin gbọọrọ kan tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì. Òun ni a ó máa pè ní káàmù. Àwọn kókó tó ṣe ṣóńṣó lápá kan wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣí fáàfù, ìyẹn ìdérí ẹnu tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnì, àti èyí tí èéfín ń gbà jáde. Bí ṣóńṣó kókó bá kan fáàfù, á ṣí. Bó bá kọjá, sípíríǹgì á tì í padà. Ẹ́ńjìnì máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí káàmù tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó mú káàmù kan yàtọ̀ sí òmíràn jù lọ ni bí fáàfù ṣe ń pẹ́ tó kó tó padé. Digírì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìgbà tí kókó káàmù bá ti gbé ohun tó wà lórí rẹ̀ sókè tó mílímítà 1.27. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì V8 àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, níbi tí àtúnṣe ọkọ̀ fún eré sísá ti gbilẹ̀, káàmù tó bá ọkọ̀ wá sábà máa ń wà ní nǹkan bí 190 sí 210 digírì. Ti ọkọ̀ ìdíje tó ṣì ń rìn ní ìgboro lè tó 230 tàbí 240.

Kí ni èrè pípẹ́ yẹn? Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí lọ́nà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé tán. Fáàfù tó pẹ́ kó tó padé á jẹ́ kó wọlé dáadáa, agbára á sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́, fáàfù àbáwọlé àti ti èéfín á jọ wà ní ṣíṣí fún ìgbà díẹ̀. Èéfín á padà sínú, epo tí kò tíì jó á bá ti èéfín jáde, ẹ́ńjìnì á sì máa gbọ̀n. Agbára tí ẹ rí gbà lókè, ẹ ti fi ti ìsàlẹ̀ san án.

Ẹ má gbàgbé bíréèkì. Fífà tí ẹ́ńjìnì ń fa afẹ́fẹ́ ló ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ lórí bíréèkì. Káàmù ńlá máa ń dín fífà yẹn kù. Ní ìlú olókè bí Ìbàdàn, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkọ̀ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó wá ku torque converter, tí a ó máa pè ní kọnfátà. Àárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì ló wà. Ẹ gbé fáànù méjì kọjú síra wọn, kí ẹ tan ọ̀kan: atẹ́gùn rẹ̀ á máa yí èkejì tí ẹ kò tàn. Ọ́ìlì ló ń ṣe iṣẹ́ atẹ́gùn nínú kọnfátà. Ẹ́ńjìnì ń yí abẹ́ kan, ọ́ìlì á ti abẹ́ kejì, ìyẹn náà á yí gíábọ́ọ̀sì. Láàárín wọn ni stator wà, ìyẹn adarí ọ́ìlì, tó ń yí ojú ọ́ìlì tó ń padà bọ̀ kó lè tún ran ẹ́ńjìnì lọ́wọ́. Òun ló fi jẹ́ pé nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, agbára tó dé gíábọ́ọ̀sì lè tó ìlọ́po méjì èyí tó ti ẹ́ńjìnì wá. Hermann Föttinger, ará Jámánì, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1905, ọkọ̀ ojú omi ló sì ṣe é fún.

Iye tó ṣe pàtàkì jù lára kọnfátà ni stall speed. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìyí àmúdúró: ibi tí ìyí ẹ́ńjìnì lè ga dé nígbà tí bíréèkì di ọkọ̀ mú, tí gíà wà ní D, tí ẹ sì tẹ tọ́tù délẹ̀. Káàmù ló ń pinnu ibi tí agbára ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyí àmúdúró ló ń pinnu ibi tí ẹ́ńjìnì lè dé kí ẹrù ọkọ̀ tó wọ̀ ọ́ lára. Ibi méjèèjì yìí ló gbọ́dọ̀ pàdé.

Ẹ wo V8 Chevrolet oní-lítà 5.7. Pẹ̀lú káàmù tó bá a wá, kọnfátà tí ìyí àmúdúró rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,700 ní ìṣẹ́jú kan ti tó. Ẹ fi káàmù tí agbára rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2,300 sí i, kí ẹ sì fi kọnfátà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ́ńjìnì á máa du ẹ̀mí rẹ̀ ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró, á sì ṣe ọ̀lẹ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbéra. Kọnfátà 2,800 ló bá a mu. Bí ẹ bá wá gbé 4,000 sí i, ẹ́ńjìnì á máa pariwo láìsí ìrìn, epo á máa jó dànù, ọ́ìlì á sì gbóná.

Ooru yẹn ni ọ̀tá tó burú jù níhìn-ín. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Béèrè, kọnfátà tí ìyí rẹ̀ ga á máa po ọ́ìlì láìsí atẹ́gùn tí yóò tù ú. Bí ọ́ìlì gíà bá ń kọjá nǹkan bí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius léraléra, kíá ló ń bàjẹ́, gíábọ́ọ̀sì á sì tẹ̀ lé e. Rédíétọ̀ kékeré tirẹ̀ ni kí ẹ rà fún un. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń fi ọkọ̀ yìí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ jìnnà sí 2,500. Kó yan káàmù tó bá ìyẹn mu, kódà bí ohùn rẹ̀ kò bá fi bẹ́ẹ̀ dún.

Ẹ má ra kọnfátà ní ọjà páàtì mọ́tò Àràrọ̀mí nítorí pé ojú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fi wẹ́dà jó o pa, ẹ kò lè rí abẹ́ inú rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sí i lára pàápàá kì í dúró sójú kan: ẹ́ńjìnì tó lágbára jù á gbé ìyí àmúdúró kọnfátà kan náà ga ju èyí tó rọ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ sọ digírì káàmù, ìwúwo ọkọ̀, ìwọ̀n táyà àti iye gíà ẹ̀yìn (èyí tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, kì í ṣe rìfáàsì) fún ẹni tó ń ṣe é. Bó bá sì jẹ́ Camry Big Daddy tàbí Honda End of Discussion lẹ ní, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń darí ìgbà tí fáàfù ń ṣí. Ẹ kò lè pààrọ̀ káàmù láìtún kọ̀ǹpútà náà tò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ dán ìyí àmúdúró wò níbi tí kò ti sí ènìyàn níwájú ọkọ̀, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, kí ẹ sì fi gíà sí N lẹ́yìn náà kí ọ́ìlì lè tutù. Eré gan-an, pápá tí wọ́n ti dínà rẹ̀ ni, kì í ṣe Ring Road. Bí wọ́n bá ta 2,800 fún yín tí ọwọ́ aago ìyí ẹ́ńjìnì sì dúró ní 2,300, ó lè jẹ́ pé agbára ẹ́ńjìnì kò tó, ó sì lè jẹ́ pé adarí ọ́ìlì ń yọ̀. Ẹ yẹ ẹ́ńjìnì wò ná kí ẹ tó gbé kọnfátà padà fún ẹni tó tà á.