Bí Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Bá Lọ Sílẹ̀: Ẹ Má Fojú Díwọ̀n, Ẹ Wọ̀n Ọ́n



Ẹ jẹ́ ká wo bàbá kan tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Ó ń gbààwẹ̀ Ràmàdánì, ó sì lọ roko ẹ̀gẹ́ láàárọ̀. Kí ó tó di ìrun Alásárì, òógùn tútù ti bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń kanra mọ́ gbogbo èèyàn. Ẹnì kan ní ebi ààwẹ̀ ni, ẹlòmíràn ní ọwọ́ ayé ni. Wọn ò tíì parí àríyànjiyàn tí bàbá fi dákú. Bẹ́ẹ̀, ṣúgà díẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ohun tó nílò.

Ṣúgà ni oúnjẹ ọpọlọ. Bó bá ti ń wálẹ̀, ara á kọ́kọ́ pariwo: ọwọ́ gbígbọ̀n, òógùn, àyà lílù kìkì, ebi òjijì. Bí a kò bá dá a lóhùn, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège: òòyì, ojú ṣíṣú, ìbínú láìnídìí, ìsọkúsọ, gìrì, dídákú. Àwọn tí ewu yìí pọ̀ jù fún ni àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo Daonil, pàápàá bí wọn kò bá jẹun, bí iṣẹ́ bá pọ̀, tàbí bí kíndìnrín wọn kò bá dá ṣáṣá. Ó tún máa ń mú ọmọdé tí ibà líle bá ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ibà àti ìbẹ̀rù náà lè múni gbọ̀n. Báwo la ṣe máa mọ̀? Whipple, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, fi ohun mẹ́ta lélẹ̀: kí àmì wà, kí a wọn ẹ̀jẹ̀ lákòókò náà gan-an, kí ṣúgà rẹ̀ sì kéré, kí àmì náà lọ nígbà tí ṣúgà bá gòkè. Bí ẹ̀rọ bá fi iye tó dín sí 70 hàn (3.9 lórí ẹ̀rọ mìíràn), ó ti kéré. Bó bá dín sí 54, ewu ti dé. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá kó tó lọ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì lè rí iye tó dára, kó sì tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹ kọ aago, oúnjẹ, oògùn àti iṣẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀ fún dókítà. Bó bá ń ṣe ẹni tí kò lo oògùn àtọ̀gbẹ rárá, ẹ má fi falẹ̀: kó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, ẹ má dúró dè é. Ẹ fún un ní hóró ṣúgà mẹ́rin nínú omi, tàbí ìdajì ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, bí kò bá tíì yá, ẹ tún fún un, kó wá jẹun. Ẹni tó bá dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹni tó ń lo Daonil gbọ́dọ̀ lọ bó tilẹ̀ jí, torí oògùn náà ń pẹ́ lára, ṣúgà sì lè tún wálẹ̀. Láti oko Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà, ọ̀nà UCH lè jìn. Ẹ máa fi ṣúgà sápò.

Ní ti ààwẹ̀, bí ṣúgà bá ti dín sí 70, ẹ ṣínu, kódà bí Mágíríbì bá kù díẹ̀. Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Súrátùl Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185, pé kó san án lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé gígún ìka fún àyẹ̀wò kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Kí Ràmàdánì tó wọlé, ẹ rí dókítà nípa oògùn yín. Ẹ má fúnra yín dá a dúró, ẹ má sì fi sààrì sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí wa. Àmín.