Kí Ẹ Tó Ra Jíà Mìíràn

“Jíà ti lọ.” Gbólóhùn kúkurú yìí ti rán ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ sí ọjà Ládípọ̀ pẹ̀lú owó gọbọi lọ́wọ́. Lẹ́tà D inú dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú, ọkọ̀ á máa fà tìkọ̀ bí ó bá fẹ́ pààrọ̀ jíà, tàbí kí ó já lójijì bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn. Mẹkáníìkì mìíràn á ti dárúkọ iye jíà tòkunbọ̀ kí ó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ ṣíwíìṣì kékeré kan ni.

Nínú jíà ọtomátíìkì, ìfúnpá ọ́ìlì ni ó ń di kílọ́ọ̀ṣì mú kí jíà tó wọlé. Ṣíwíìṣì tàbí sẹ́ńsọ̀ ìfúnpá a máa jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ìfúnpá ti dé. Bí iṣẹ́ tí ó jẹ́ bá tako ohun tí kọ̀ǹpútà ń retí, kọ̀ǹpútà á tan iná, á sì fi kóòdù pamọ́. Láti P0840 dé P0844, ṣíwíìṣì A ni wọ́n ń tọ́ka sí. P0845 dé P0849 jẹ́ ti B. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní kí ẹ ra jíà.

Ẹ jẹ́ kí a mú Honda Accord ọdún 2003, èyí tí àwọn ará wa sọ ní “End of Discussion” (àsọdùn gbáà!). Ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná, pa á, kí ẹ sì fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì yọ kí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tó pé. Ọ̀pọ̀ Toyota kò rí bẹ́ẹ̀ o: ẹ́ńjìnnì wọn gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ́ìlì tí ó dára a máa pọ́n. Bí ó bá dúdú, tí ó ń rùn bí ohun tí ó jóná, kílọ́ọ̀ṣì inú ni kí ẹ fura sí.

Ara jíà níta ni ṣíwíìṣì Honda wà, wáyà kan ṣoṣo ni ó sì wọ̀ ọ́. Yọ wáyà náà, ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n: nǹkan bíi fólútì 5 ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, wáyà ti já tàbí ó ń kan irin níbì kan. Iṣẹ́ rewáyà nìyẹn. Bí ó bá wà, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wá fi mítà kan ẹnu ṣíwíìṣì àti irin jíà. Ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, ìfúnpá kò sí, nítorí náà mítà kò gbọdọ̀ ké. Bí ó bá ké, ṣíwíìṣì ti dì pa. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú wáṣà tuntun.

Bí kò bá ké ńkọ́? Ṣíwíìṣì lè ya odi, kí ó má dáhùn nígbà tí ìfúnpá bá dé. Níbí ni géèjì ìfúnpá ti wúlò, ọwọ́ mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ ni ó sì yẹ ẹ́. Bí ìfúnpá bá pé tí ṣíwíìṣì ṣì dákẹ́, ṣíwíìṣì ni. Bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀, a jẹ́ pé inú jíà ni àìsàn wà. Ẹ ní kí ó fi ohun tí géèjì kà hàn yín kí ẹ tó sanwó.