Idà Kan Nínú Ọgbà Ilé Ìwòsàn

Bí ará ilé bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí mi ní Kùmásì, tá a bá ti wo ọjà Kejetia tán, ọgbà ilé ìwòsàn Komfo Anokye ló kàn. Wọn a ní ta ni kò yá. Kò sẹ́ni tí kò yá o! Idà ni mo mú wọn wá wò. Èkù rẹ̀ nìkan ló yọ lókè ilẹ̀. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ifẹ̀ ga tó mítà márùn-ún àbọ̀, ojú rí i; tìbí yìí, ilẹ̀ ti gbé e mì. Ẹlòmíì a ní, "Kò ju báyìí náà lọ?"

Àwọn Aṣante ní Okomfo Anokye, àwòrò Ọba Osei Tutu, ló gún un mọ́lẹ̀ ní ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Òun náà ni wọ́n ní ó pe Àga Wúrà sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run lọ́jọ́ Ẹtì kan. Ní 1701, Aṣante ṣẹ́gun Denkyira tí wọ́n ń sìn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fa idà yìí yọ, ìṣọ̀kan Aṣante tú nìyẹn.

Páàtì mọ́tò ni mò ń tà ní Suame Magazine. Irin tójò bá pa lọ́dún kan péré, mo mọ bó ṣe ń dípẹtà. Onígbàgbọ́ ni mí, ṣùgbọ́n níwájú idà yẹn, Ògún máa ń wá sí mi lẹ́nu.

Àwọn tó ń múni wò ó ní Muhammad Ali náà fà á nígbà tó wá sí Gánà ní 1964, kò mì. Ìyẹn kù sọ́wọ́ wọn. Èyí tó wú mi lórí ni pé nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn náà láàárín àwọn ọdún 1950, wọ́n fi idà sílẹ̀ síbi tó wà, wọ́n kọ́lé yí i ká.

Mo wá bi ọ̀kan nínú àwọn tó ń múni wò ó léèrè. Òyìnbó mú Ọba Prempeh ti Aṣante ní 1896. Ní 1900, Gómìnà Hodgson ní kí wọ́n gbé Àga Wúrà wá kóun jókòó lé e, ìyẹn ló dá ogun Yaa Asantewaa sílẹ̀. Wọ́n kó ọba lọ Seychelles, kò padà títí di 1924. Aṣante tú nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì fa idà yọ. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ó ní, "Alàgbà, 1935 ńkọ́? Ṣebí òyìnbó kan náà ló dá ìṣọ̀kan Aṣante padà fún wa."