Ìjọba Wo Ni Ó Ni Ilé-Ìwé?

Kò ní pẹ́ mọ́ tí a ó fi dúró níwájú àwọn ọmọdé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bèèrè pé, “Tíṣà, ìjọba wo ni ó ni ilé-ìwé yìí?” èsì wo ni a ó fún un? Ó tọ́ kí a mọ̀ ọ́n kí a tó kúrò níhìn-ín.

Nínú agbo ilé, baálé ni í parí ìjà tí ó bá kan gbogbo ilé, ṣùgbọ́n kì í wọ yàrá olúkúlùkù lọ pàṣẹ ohun tí wọn yóò sè lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìlú ńlá. Bí gbogbo iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, èyí tí ó jìnnà sí i yóò bàjẹ́. Bí olúkúlùkù bá sì ń ṣe tirẹ̀, ilé yóò tú. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ pé, èyí ni tìrẹ, èyí ni tèmi.

Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1954 pín iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní jẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan, bí ọ̀rọ̀ ọmọ-ogun àti ti owó níná. Èkejì jẹ́ àjọni láàárín rẹ̀ àti àwọn ẹkùn. Gbogbo èyí tí a kò sì dárúkọ, ti ẹkùn ni. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀kẹta yìí. Nítorí náà, nígbà tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, kò ní láti tọrọ àṣẹ ní Èkó. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n lé ní 450,000 ní 1954 di ẹni tí ó lé ní 800,000 ní 1955.

Òfin ọdún 1999 tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Ohun 68 ni ó kọ́kọ́ fún Ìjọba Àpapọ̀ nìkan. Ní 2023 ni a mú ọ̀rọ̀ rélùwéè kúrò nínú wọn, ó di àjọni. Nínú ohun àjọni, bí òfin ìpínlẹ̀ bá tako ti Àpapọ̀, ti Àpapọ̀ ni yóò borí.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ńkọ́? Ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lé e lórí. Ìjọba ìbílẹ̀ ní láti bá a kópa nínú pípèsè rẹ̀ àti títọ́jú rẹ̀. Àpapọ̀ pẹ̀lú ṣe òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní 2004. Níbí ni ewu wà. Ewúrẹ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo agbo ilé, ebi ni í máa pa á, nítorí olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti fún un ní èèpo iṣu. Bí òrùlé kíláàsì bá ń jò, ta ni yóò tún un ṣe?

Agbára láìsí owó kò sì wúlò. Àwọn àgbà ní, àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ìdí nìyí tí ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní oṣù keje ọdún 2024 fi kàn wá: ó ní kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa dé ọwọ́ wọn tààrà, kí ó má ṣe gba ọwọ́ gómìnà kọjá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dá ọmọ náà lóhùn pé, “Ti ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni, Àpapọ̀ ń ràn wọ́n lọ́wọ́.” Olùkọ́ tí ó bá mọ ẹni tí iṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀ ni yóò mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lé àwọn ọmọ lórí.