Ọkọ̀ afàyàfà: Ẹwà ni àbí gbèsè?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké. Òwe yìí bá àwọn tó ń rẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn sílẹ̀ mu wẹ́kú. Ní àwọn ìlú ńláńlá bí Èkó àti Ìbàdàn, kò ṣòro láti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, táyà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara ọkọ̀ lọ tán, wọ́n sì ti fi bọ́dì kíìtì yí i ká níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn. Bó bá ń kọjá lórí ọ̀nà tó dán, ojú gbogbo ayé ní ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dé ibi bọ́ǹpù. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì, á yí orí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa gun bọ́ǹpù náà ní táyà kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn, àwọn èrò inú rẹ̀ á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ èrò tó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè, kọ̀ńdọ́ á sì máa bèèrè bóyá owó ló sọnù tí wọ́n ń wá nílẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí ni èyí tó wà lẹ́yìn ariwo yìí: owó tí ọlọ́kọ̀ náà ń ná, àyẹ̀wò tó gbọ́dọ̀ máa ṣe, àti ewu tó wà níbẹ̀ bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ afàyàfà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí lásán. Ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Àṣà náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ tí orírun wọn jẹ́ Mẹ́síkò ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti ń kó àpò yanrìn sínú búùtù ọkọ̀ wọn, àwọn mìíràn sì ń gé sípíríǹgì, kí ọkọ̀ lè lọ sílẹ̀. Ní ọdún 1958, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ pé apá kankan lára ọkọ̀ tí wọ́n bá tún ṣe kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ríìmù lọ. Ní ọdún 1959, Ron Aguirre fi ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì gbé nǹkan sínú Corvette rẹ̀. Bó bá rí ọlọ́pàá, á gbé ọkọ̀ náà sókè. Bí ọlọ́pàá bá ti lọ, á dá a padà sílẹ̀. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ọdún 2023 ni gómìnà ìpínlẹ̀ náà buwọ́ lu àtúnṣe rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2024.

Ní Jámánì ní tiwọn, ẹni tó bá rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé àwọn onímọ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ẹni tí kò bá sọ fún iléeṣẹ́ adójútòfò pé òun ti ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lè rí i pé wọn kò ní san kọ́bọ̀ fún òun lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tó ti mọ nǹkan náà ṣáájú kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Kí ló wá dé tí èèyàn fi ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀? Ẹwà ni ìdí àkọ́kọ́. Ìdí kejì ni pé ọkọ̀ tó bá sún mọ́lẹ̀ kì í fì sọ́tùn-ún sósì púpọ̀ bó bá ń ya kọ́nà, torí pé ìwúwo rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Òótọ́ ni èyí, òun ló sì jẹ́ kí ọkọ̀ eré ìje máa wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n pápá eré ìje kò ní kòtò. Ọ̀nà ilẹ̀ yìí ní.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 sí 17 jìnnà sílẹ̀ nígbà tó bá ti iléeṣẹ́ jáde. Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀ sábà máa ń yọ sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 5 kúrò níbẹ̀. Bọ́dì kíìtì iwájú á tún yọ tirẹ̀. Bí èèyàn márùn-ún bá wá wọlé, tí ẹrù sì kún búùtù bí ìgbà tí wọ́n ń lọ òde ìnáwó, ohun tó kù lábẹ́ ọkọ̀ náà lè má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọ̀nà tí wọ́n gbà rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí mẹkáníìkì fi ayùn gé sípíríǹgì tó wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ gé e. Iná wẹ́dà ni wọ́n ń yọ sí i títí tí yóò fi rọ̀, tí ìwúwo ọkọ̀ á sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Méjèèjì kò dára, ṣùgbọ́n ti iná ló burú jù. Bí wọ́n ṣe fi iná sè irin sípíríǹgì ní iléeṣẹ́ ló jẹ́ kó lè máa tẹ̀, kó sì máa padà. Bí iná wẹ́dà bá ti kàn án, agbára yẹn ti bàjẹ́. Ó lè máa rọ̀ sílẹ̀ lọ, ó sì lè dá sí méjì lójú ọ̀nà.

Gígé náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí sípíríǹgì bá ní ìká mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n gé ẹyọ kan kúrò, márùn-ún tó kù yóò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá 20 nínú 100. Ọkọ̀ á wá máa ta bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lórí òkúta. Ìyẹn ṣì kéré. Sípíríǹgì tó ti kúrú lè yẹ̀ kúrò ní ìjókòó rẹ̀ nígbà tí táyà bá já sínú kòtò, bó bá sì jẹ́ orí eré ni, awakọ̀ lè má rí ọkọ̀ náà dì mú mọ́.

Ṣọ́ọ̀kì náà kì í gbádùn. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un láti máa lọ sókè sódò ti dín kù, nítorí náà gbogbo ìgbà ni yóò máa gbá rọ́bà tó dá a dúró nísàlẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá rí ọ́ìlì lára ṣọ́ọ̀kì, tàbí tí ọkọ̀ bá ń jó sókè sódò lẹ́yìn tó ti kọjá bọ́ǹpù tán, kó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì ti kú nìyẹn.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n ra sípíríǹgì tí wọ́n dìídì ṣe fún irú ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu. Èyí tó ga ju ìyẹn lọ ni wọ́n ń pè ní coilover, tí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ jọ wà lójú kan, tí èèyàn sì lè yí i sókè tàbí sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ àti eruku máa ń jẹ́ kí ojú ìyí rẹ̀ dípẹtà, tí yóò sì gan pa bí wọn kò bá ń fọ̀ ọ́. Èyí tó wọ́n jù ni ti àpò afẹ́fẹ́, tí èèyàn kàn máa tẹ bọ́tìnnì tí ọkọ̀ á gbéra nílẹ̀. Ẹni tó bá lọ ra ọjà ní Ládìípọ̀ ní Mushin, tàbí níbòmíràn tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kó rántí pé tọ̀tún-tòsì ni wọ́n ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì. Ẹyọ kan tuntun, ẹyọ kan ògbólógbòó, kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn tọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ táyà. Ẹni tó bá rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ sábà máa ń fi ríìmù ńlá sí i, táyà rẹ̀ á sì pẹlẹbẹ. Ẹ wo Honda Accord ọdún 2003, tí àwọn ará ìlú ń pè ní “End of Discussion”. Táyà tí wọ́n kọ 205/65R15 sí lára wà lára èyí tó ń bá a wá láti iléeṣẹ́. Mílímítà 205 ni ìbú rẹ̀, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 65 nínú 100 ìbú náà, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 133. Bí wọ́n bá fi 225/40R18 dípò rẹ̀, gíga ẹ̀gbẹ́ kò ju mílímítà 90 lọ. Rọ́bà àti afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba ìyà kòtò ti dín kù ní ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ nìyẹn. Ìdí rèé tí ríìmù fi ń tẹ̀, tí táyà sì ń yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Táyà tó bá ti yọ kókó kò ní àtúnṣe, torí òwú inú rẹ̀ ló ti já. Ó sì yẹ kí ọlọ́kọ̀ máa wọn afẹ́fẹ́ táyà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní àárọ̀ kí táyà tó gbóná.

Bí ọkọ̀ bá ti lọ sílẹ̀, orí táyà á tẹ̀ sínú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà síta, bí ẹni tó la ẹsẹ̀ dúró. Ojú táyà tó wà nínú lọ́hùn-ún ni yóò máa jẹ. Ẹni tó bá wò ó láti ìta á rò pé táyà ṣì dára, bẹ́ẹ̀ wáyà ti yọ nínú. Nítorí náà, kí ọkọ̀ rìn fún ọjọ́ díẹ̀ kí sípíríǹgì tuntun lè jókòó, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe aláínímẹ́ǹtì. Kí wọ́n yí sítíárì dópin sọ́tùn-ún àti sósì pẹ̀lú, kí wọ́n wò ó bóyá táyà ń ha rọ́bà tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà kọjá. Ọjọ́ tí rọ́bà yẹn bá lu ni bíréèkì kò ní mú mọ́.

Bọ́dì kíìtì náà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Fáíbà kì í wọ́n púpọ̀, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀. Bó bá gbá bọ́ǹpù, ṣe ni yóò sán. Polyurethane ń tẹ̀, ó sì ń padà, nítorí náà ó lè pẹ́ jù ú lọ lórí ọ̀nà tí kò dán. Ó wúwo ní tirẹ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ sì máa ń sán bí wọn kò bá po èròjà tó ń mú ọ̀dà rọ̀ mọ́ ọn. Àǹfààní fáíbà ni pé ó ṣeé tún ṣe. Inú ni wọ́n ti ń há a, tí wọ́n á tẹ́ aṣọ fáíbà sí i, tí wọ́n á fi oje rẹ̀ rẹ ẹ́, kí wọ́n tó wá dán ìta. Ẹni tó bá kàn fi fílà dí ojú ibi tó sán, tó kun ún lọ́dà, yóò tún padà wá.

Nọ́ọ̀tì ló sì yẹ kó di bọ́dì kíìtì mú, kì í ṣe gọ́ọ̀mù nìkan. Bó bá já lórí eré, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn tàbí ọlọ́kadà ló máa fara gbá a. Kí ọlọ́kọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kó fún àwọn nọ́ọ̀tì náà, kó sì wò ó bóyá àwo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti fara gbá òkúta. Bí iná ọ́ìlì bá pọ́n lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kó má ṣe sọ pé òun fẹ́ délé ná.

Àsìkò òjò ni ọlọ́kọ̀ afàyàfà ń mọ̀ pé òun nìkan lòun wà. Àwọn kan ti gbé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ wá sísàlẹ̀ nítòsí bọ́ńpà, kí afẹ́fẹ́ tútù lè wọlé. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọnú àgbàrá, omi ni yóò fà mu. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ọ̀pá tó ń ti písítìn á wọ́, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, kí awakọ̀ má ṣe tún sítáàtì rẹ̀. Kó jẹ́ kí wọ́n tì í jáde ni.

Gbígbé pẹ̀lú irú ọkọ̀ yìí lójoojúmọ́ ń kọ́ni ní sùúrù. Ọlọ́kọ̀ ti mọ ilé epo tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ga, ó sì mọ àdúgbò tí kò lè dé rárá. Jáàkì fọkanáísà lè má wọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, àfi kó ní jáàkì kúkúrú tirẹ̀ tàbí pákó tí yóò kọ́kọ́ wa táyà gùn. Bí ìyá àgbà tí eékún ń dùn bá fẹ́ wọlé, iṣẹ́ ni. Bó bá tún fẹ́ jáde, iṣẹ́ mìíràn ni.

Òfin náà wà níbẹ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, àti àwọn VIO ìpínlẹ̀, ní àṣẹ láti dá ọkọ̀ tí kò yẹ fún ojú ọ̀nà dúró. Táyà tó ti jẹ, bọ́ńpà tí wọ́n fi okùn so, iná iwájú tó ń wọ àwọn tó ń bọ̀ lójú nítorí pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ti tẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló lè fa ẹjọ́. Bí wọ́n bá yí àwọ̀ ọkọ̀ padà nígbà tí wọ́n ń fi bọ́dì kíìtì sí i, kí wọ́n yí i nínú ìwé ọkọ̀ náà pẹ̀lú.

Gbogbo èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rẹ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ìpìlẹ̀ ló ṣáájú kíkun ilé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ra méjèèjì, kó ra sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì gidi, kí bọ́dì kíìtì dúró di ìgbà mìíràn. Kó tọ́jú sípíríǹgì àti bọ́ńpà tó bá ọkọ̀ náà wá, torí ọjọ́ tó bá fẹ́ tà á. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kò mọ̀ bóyá irin tó dára ló gbé òun tàbí èyí tí wọ́n fi ayùn gé. Ọlọ́kọ̀ ló mọ̀, ọrùn rẹ̀ sì ni ẹ̀mí ẹni náà wà.