Wọ́n Lé Wọn Láìgbọ́ Ẹjọ́ Wọn: Ọ̀rọ̀ Àwọn Ṣọ́jà Brownsville



Àwọn àgbà wa a máa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó gbọ́ tẹnu ẹnìkan ṣoṣo kí ó tó dá ẹjọ́ ni à ń pè ní òṣìkà, kí ni a óò wá pe ẹni tí ó dá 167 ọkùnrin lẹ́bi lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì pe ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn wá sí ilé ẹjọ́? Ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ó sì ti pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ bá mi kà á.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ ológun rí ni ó mọ iyì ìwé tí a fi ń dá ṣọ́jà sílẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n rántí ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti ogun Bọ́má dé ní 1945 àti 1946 yóò mọ̀ pé bí ẹyin ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé náà, nítorí òun ni wọ́n ń fi hàn bí wọ́n bá ń wá iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, agbára ìwé yìí pọ̀ gan-an. Bí ó bá jẹ́ ìwé ọlá, ilẹ̀kùn púpọ̀ ni ó ń ṣí: owó ìfẹ̀yìntì, ìtọ́jú ara, owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ láti ra ilé. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìtìjú, púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí ni yóò tì pa, àwọn tí ó ń gba ènìyàn síṣẹ́ yóò sì máa fi ojú burúkú wo ẹni náà. Ìwé pélébé ni, ṣùgbọ́n ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ lọ́rùn ẹni tí a fi kọ́.

ÒRU ỌJỌ́ KAN

Ní ìparí oṣù keje ọdún 1906, ìjọba Amẹ́ríkà kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní B, C àti D, láti inú Ẹ̀ka Ọmọ Ogun Ẹlẹ́sẹ̀ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, lọ sí Fort Brown ní ìlú Brownsville. Ìpínlẹ̀ Texas ni ìlú náà wà, létí odò tí ó pààlà láàrin Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Ènìyàn dúdú ni gbogbo àwọn ṣọ́jà yìí, òyìnbó sì ni àwọn ọ̀gá wọn. Àwọn ará ìlú kò fẹ́ wọn rárá. Àwọn ilé ọtí kan kò gbà wọ́n wọlé, òyìnbó kan sì fi ìbọn gbá ọ̀kan nínú wọn lórí nítorí pé kò tètè yà kúrò lọ́nà.

Ní òru ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá lù tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ìgboro. Kò pẹ́ tí ó fi dákẹ́, ṣùgbọ́n kí ó tó dákẹ́, ọkùnrin kan tí ó ń ta ọtí ti kú. Ìbọn bá ọ̀gá ọlọ́pàá kan pẹ̀lú ní apá, wọn kò sì rí ọgbọ́n mìíràn dá sí i ju pé kí wọ́n gé apá náà lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti pariwo pé àwọn ṣọ́jà dúdú ni.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní bárékè ní tiwọn? Nígbà tí ìbọn dún, wọ́n fọn fèrè, wọ́n to àwọn ṣọ́jà, wọ́n sì pe orúkọ wọn. Kò sí ẹni tí wọn kò mọ ibi tí ó wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀gá yẹ ìbọn wọn wò, wọn kò sì rí àmì pé ẹnikẹ́ni yìn ín. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kó èèpo ọta wá, wọ́n ní ojú pópó ni àwọn ti ṣà á, pé irú ọta tí àwọn ṣọ́jà ń lò ni. Èèpo ọta yìí ni wọ́n gbé gbogbo ẹ̀sùn náà lé. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ó ń yẹ ẹ̀sùn wò ní Texas gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọn kò sì rí ẹyọ ẹnìkan nínú àwọn ṣọ́jà náà fi ẹ̀sùn kàn.

Ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ìjọba rán wá ṣe ìwádìí ní ó dá àwọn lójú pé àwọn ṣọ́jà náà mọ ẹni tí ó ṣe é, wọ́n kàn ń bo ara wọn mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n sọ fún wọn pé bí wọn kò bá dárúkọ ọ̀daràn, gbogbo wọn ni yóò jìyà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi rò ó wò: bí ènìyàn bá mọ ọ̀daràn, ó lè sọ ọ́, bí kò bá mọ̀ ńkọ́? Ṣé kí ó purọ́ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ kí òun lè là? Ìdákẹ́jẹ́ tí ó lè jẹ́ ti aláìmọ̀kan ni wọ́n kà sí ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ààrẹ Theodore Roosevelt pàṣẹ pé kí wọ́n lé gbogbo àwọn 167 náà kúrò nínú iṣẹ́ ológun láìní ọlá. Wọn kò sì jẹ́ kí àṣẹ náà hàn sí gbangba títí àwọn ènìyàn fi dìbò tán. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n ti lò ju ogún ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́, tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kò jìnnà mọ́. Gbogbo rẹ̀ wọmi. Wọ́n tún ní wọn kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ ìjọba kankan mọ́.

Ohun tí gbogbo Mùsùlùmí ti gbọ́ lẹ́nu àlùfáà láti kékeré ni pé olúkúlùkù ni yóò jẹ́jọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá tilẹ̀ jẹ̀bi ní Brownsville, kí ni ti àwọn tí ó kù? Ẹni tí ó bá gé gbogbo igi oko lulẹ̀ nítorí pé ọ̀kan nínú wọn gbé ejò pamọ́, oko ni ó bàjẹ́, kò tíì pa ejò.

ỌDÚN MẸ́RÌNDÍNLÁÀÁDỌ́RIN

A kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí ẹni tí ó bá wọn jà. Joseph Foraker, ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà láti Ohio, bẹ̀ẹ́ lé e pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọkùnrin náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni òun àti Ààrẹ jọ wà. Ilé náà ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ṣe é ní Ààrẹ kò ṣì ṣe. Ní 1909 wọ́n yan àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì láti tún un wò. Ní 1910 àwọn wọ̀nyí ní kí ènìyàn 14 lè padà sí iṣẹ́, wọn kò sì ṣàlàyé ohun tí ó fi jẹ́ àwọn 14 yìí. Àwọn 153 yòókù gba kádàrá.

Ọ̀kan nínú àwọn tí kò padà ni Dorsie Willis. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí wọ́n lé e. Ó lọ sí ìlú Minneapolis, ó sì rí iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onígbàjámọ̀, níbi tí ó ti ń gbálẹ̀, tí ó sì ń dán bàtà àwọn oníbàárà. Iṣẹ́ yìí ni ó ṣe fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Bàtà àwọn olówó kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣùgbọ́n ìwé tí ó wà nílé rẹ̀ sọ pé kò ní ọlá.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ní 1970, òǹkọ̀wé kan, John D. Weaver, tẹ ìwé kan jáde nípa ọ̀rọ̀ Brownsville, ó sì fi hàn nínú rẹ̀ bí ẹ̀rí tí wọ́n fi lé àwọn ṣọ́jà náà kò ṣe dúró. Augustus Hawkins, aṣojú ènìyàn dúdú kan láti California ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú, gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ilé iṣẹ́ ológun tún ìwé wọn yẹ̀ wò, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1972 wọ́n sì pàṣẹ pé kí gbogbo ìwé ìtìjú náà di ìwé ọlá. Nígbà náà, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkùnrin náà ti kú.

Willis wà láàyè. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1973, ọjọ́ tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, ọ̀gá ológun kan gbé ìwé ọlá lé e lọ́wọ́ níṣojú àwọn ènìyàn ní Minneapolis. Wọn kò kọ́kọ́ fi kọ́bọ̀ tì í. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe òfin tí ó fún un ní 25,000 dọ́là. Ó kú ní 1977, wọ́n sì sin ín sí ibi tí wọ́n ń sin àwọn ológun sí ní Fort Snelling.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dára pé wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin padà fún ẹni tí ó fi wọ́n gbálẹ̀, tí ó fi wọ́n nu bàtà? Òdodo tí ó pẹ́ sàn ju kí ó má dé lọ, ṣùgbọ́n gbèsè ńlá ni ó máa ń fi sílẹ̀.

BÍ Ọ̀NÀ ṢE RÍ LÓNÌÍ

Kì í ṣe nítorí ìtàn àtijọ́ nìkan ni mo ṣe mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Àwọn ọmọ wa wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti wọ iṣẹ́ ológun níbẹ̀. Bí irú ìwé burúkú bẹ́ẹ̀ bá bá ọ̀kan nínú wọn, kí ó mọ̀ pé ọ̀nà tí Willis kò rí nígbà èwe rẹ̀ ti wà báyìí.

Òfin ọdún 1944 ni ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ó lè tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò. Òfin ọdún 1946 sì fi ààyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ kejì, tí agbára tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó lè tún àkọsílẹ̀ ológun ṣe. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù 293, sí ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ó bá jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ológun tí ó ga jù ni ó lé e, fọ́ọ̀mù 149 ni yóò lò, sí ìgbìmọ̀ kejì. Ìgbìmọ̀ kejì yìí ń fẹ́ kí ènìyàn tètè dé, kí ọdún mẹ́ta má kọjá lẹ́yìn tí ó ti rí àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ó lè fojú fo ìyẹn bí òdodo bá béèrè rẹ̀. Wọn kì í gba owó fún un. Ènìyàn lè mú lọ́yà, ó sì lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ kò sì lè sọ ìwé náà di èyí tí ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà kí ẹ̀rù má bà á.

Àwọn kan a máa tan ara wọn jẹ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwé búburú yóò yí padà fúnra rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tí kò bá béèrè, kò níí rí nǹkan kan gbà. Ẹni tí ó bá sì béèrè ní ẹnu lásán, òfo ni yóò mú bọ̀, nítorí pé ìgbìmọ̀ a kọ́kọ́ gbà pé ohun tí ilé iṣẹ́ ológun ṣe tọ̀nà, olùbẹ̀bẹ̀ ni ó sì gbọdọ̀ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ó kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jọ, àti ìwé dókítà, ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, àti ẹ̀rí irú ìwà tí ó ti ń hù láti ìgbà náà wá. Bí ó bá jẹ̀bi díẹ̀, kí ó jẹ́wọ́ díẹ̀ náà, kí ó sì sọ ohun tí ó fà á.

Láti 2014, wọ́n ti pàṣẹ fún àwọn ìgbìmọ̀ yìí pé kí wọ́n fi ojú àánú wo ẹni tí ogun ti da ọkàn rẹ̀ rú, bóyá ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni ó sún un sí ìwà tí wọ́n fi lé e. Ní 2017, wọ́n tún la àṣẹ náà yé wọn sí i, wọ́n sì sọ pé ó kan àwọn tí ẹnìkan fi ipá bá lò lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú.

Ikú pàápàá kò ti ọ̀nà yìí pa, nítorí ẹbí lè béèrè fún ẹni tí ó ti lọ. Ní Houston, ní Texas kan náà, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ṣọ́jà dúdú àti àwọn ará ìlú ní 1917. Ilé ẹjọ́ ológun dá 110 nínú wọn lẹ́bi, wọ́n sì yẹgi fún 19. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tí ń tún àkọsílẹ̀ ṣe ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ilé iṣẹ́ ológun fagi lé ẹ̀bi gbogbo àwọn 110 náà, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ pé pẹ̀lú ọlá ni wọ́n sìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí nítorí ìtìjú, ẹ sọ fún un pé kí ó mú un jáde. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́. Àwa náà tí à ń jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, olórí nínú ilé, tàbí baálẹ̀ ní àdúgbò, kí a ṣọ́ra kí a má fi ẹ̀sùn ẹnìkan jẹ gbogbo agbo ilé níyà. Ìṣẹ́jú kan tó láti kọ ìwé ìléni, ṣùgbọ́n ọgọ́ta ọdún lè máà tó láti pa á rẹ́.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí ẹjọ́ àìgbọ́-dá, kí Ó má sì jẹ́ kí àwa pàápàá dá irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àmín.